Corolla 2005 mi ń gbóná bí mo bá ń gun òkè bọ̀ wá sí Kàbà, ṣé ẹ́ńjìnnì mìíràn ni kí n rà?

Ọmọ_Òkè_Kàbà

Ẹ̀yin ará ilé, Ọ̀kun o gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí n náwó sódì. Corolla 2005 ni, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíà ọtọ́, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Kàbà ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ Lọ́kọ́jà dáadáa. Tí mo bá ń lọ kò sí wàhálà kankan, ọkọ̀ á máa sáré bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo bá ń bọ̀ ni ẹjọ́ wà, tí mo bá ti kọjá Ọbájànà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, abẹ́rẹ́ ooru náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí mo bá pa AC á sọ̀ díẹ̀, tí mo bá tún tan án á tún gbéra, ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn ńṣe ni mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí omi ń hó jáde nínú ike omi rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é kọ́kọ́ yọ tẹ́mọ́sítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi rádíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, ó ní ilẹ̀ wa ti gbóná tẹ́lẹ̀, kò sídìí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀. Látìgbà náà ni iná check engine ti tàn, epo ń lọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbígbóná náà kò sì dáwọ́ dúró. Ní báyìí ó ní tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti jó, pé kí n má wulẹ̀ tú u, kí n kúkú ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ₦650,000, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Mo tún rí i pé ó ń jẹ ọ́ìlì, kì í dé ìgbà sáfíìsì kí n tó bu díẹ̀ kún un. Owó ọwọ́ mi kò tó ìyẹn rárá, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí kó bá mi dá sí i.

Dírẹ́bà_Félélè

Bùrọ̀dá, fáànù ni. Níbi Ọbájànà yẹn tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì máa ń tò sí tẹ́ ò ní lè yà wọ́n, tí fáànù ò bá yí dáadáa, ooru á ti kó jọ kẹ́ ẹ tó débi òkè. Ẹ ní kí rewáyà fa wáyà rẹ̀ ní dárẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti ṣíná ọkọ̀ ló ń yí. ₦5,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ èrò ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà yẹn, kò gbóná mọ́.

Mẹkáníìkì_Ìyàrà

Ẹ kú iṣẹ́ ojú ọ̀nà o ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà, àmọ́ mi ò bá yín lọ lórí èyí. Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́, kò sọ pé inú gosiló ló ti ń gbóná, ìgbà tó bá ń gun òkè ni. Fáànù wúlò nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́ torí kò sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba inú rádíétọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ń sá 60, 80, atẹ́gùn iwájú ti ń ṣe iṣẹ́ fáànù nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná lójú kan, ẹ lọ bá fáànù. Èyí tó bá ń gbóná lórí eré tàbí tó gbé ẹrù gun òkè, omi ni kò rìn tó, tàbí kó jẹ́ rádíétọ̀ ni kò lè lé ooru náà jáde mọ́. Lọ́kọ́jà wà nísàlẹ̀ létí odò, Kàbà wà lókè, gbogbo ọ̀nà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé ẹ́ńjìnnì ń fà ni, tẹ́ ẹ bá wá tan AC mọ́ ọn nínú oòrùn ọ̀sán, ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ á ti hàn.

Ọ̀rọ̀ tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì, mi ò ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ló fi mọ̀? Àyẹ̀wò wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ má dán an wò nígbà tó bá gbóná o, omi ibẹ̀ ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, ẹ ṣí ìdérí rádíétọ̀, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, kí ẹnì kan ṣíná ọkọ̀ kẹ́ ẹ máa wo inú omi náà. Híhó díẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Tó bá ń hó tí kò dáwọ́ dúró, tẹ́ ẹ tẹ tọ́tù tó tún ń hó sí i, ẹ̀fúùfù láti inú síńdà ló ń wọ inú omi, gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Ẹ tún ṣí ìdérí ọ́ìlì kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀, tí ọ́ìlì bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti bá a pọ̀. Ẹ wo ẹnu sálẹ́ńsà náà: èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná tán, omi ló ń jó, èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni, dúdú, epo ló pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá ọkọ̀ náà wá tẹ́mọ́sítáàtì padà. Nǹkan bí ìwọ̀n ooru 82 (Celsius) ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára ẹ́ńjìnnì yín. Tí ò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, bréènì bọ́ọ̀kìsì á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo kún epo. Tẹ́ ẹ bá síkáànù iná yẹn ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá P0128 níbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé omi ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dé ìwọ̀n. Mẹkáníìkì lèmi náà, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ilé, ó sì ń dùn mí gidigidi tí wọ́n bá ń dájọ́ ikú fún ẹ́ńjìnnì tẹ́nì kankan ò tíì yẹ̀ wò.

Gọ́ọ̀fù3_Mópà

Mẹkáníìkì ẹ rọra o. Golf 3 mi kò ní tẹ́mọ́sítáàtì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo máa ń gbé e dé Ìlọrin gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán, kò gbóná rí. Èyí tí wọ́n ń tà níta nísinsìnyí gan-an kì í pẹ́ kó tó há pa, tó bá sì há pa sójú ọ̀nà nígbó, ẹ́ńjìnnì á jóná. Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó yọ ọ́.

Ohun tí mo máa sọ fún ọ̀gá wa ni pé kí wọ́n pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù àti táímìǹgì bẹ́lìtì lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí wọ́n bá fẹ́ yọ pọ́ǹpù wọ́n máa tú bẹ́lìtì yẹn náà.

Mẹkáníìkì_Ìyàrà

Ẹ̀gbọ́n Gọ́ọ̀fù, Corolla tí wọ́n ń sọ yìí kò ní táímìǹgì bẹ́lìtì, ṣéènì ló lò. 1ZZ la máa ń pè é. Fáànù bẹ́lìtì tó wà níta tó ń yí ọtanétọ̀ náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀, èèyàn lè yọ pọ́ǹpù náà láìfọwọ́ kan táímìǹgì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó táímìǹgì bẹ́lìtì lọ́wọ́ ọmọ ìyá wa.

Ti tẹ́mọ́sítáàtì, ọ̀pọ̀ Golf 3 tó wá láti Yúróòpù kò ní iná check engine lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, epo tó ń fi ṣòfò kò ní ọ̀nà tó máa fi sọ fún yín. Èyí tó ń há pa tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni, fẹ́ẹ̀kì ló pọ̀ níta. Kẹ́ ẹ tó fi sínú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ sínú omi lórí iná kẹ́ ẹ máa wò ó. Tó bá ṣí kí omi tó hó, tó sì padé nígbà tí omi tutù, ẹ lò ó. Tí ò bá ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Tíṣà_Ìsánlú

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ kí bùrọ̀dá wa ka tèmi dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan gáskẹ́ẹ̀tì. Corolla lèmi náà ń lò, 2004. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún mi, tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tú u, wọ́n gbé tọ́pù síńdà lọ fá ní Ìlọrin, wọ́n gbé e padà wá dè, owó gáskẹ́ẹ̀tì, owó ọ́ìlì tuntun, owó fífá, owó ọkọ̀ lọ bọ̀, owó iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ lé ní ₦120,000, ọkọ̀ jáde, ó tún ń gbóná bákan náà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà torí owó àjọ ni.

Ọmọ kan tó ń tún AC ṣe ló rí i. AC ò tutù mọ́ ni mo ṣe gbé e lọ bá a, ó ní kí n jẹ́ kóun yọ rádíétọ̀ wo. Láàárín kọ́ńdẹ́ńsà AC tó wà níwájú àti rádíétọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku pupa, koríko gbígbẹ, ìyẹ́ kòkòrò, gbogbo ẹ̀ ti dì síbẹ̀ gbagidi, atẹ́gùn kankan ò lè gbabẹ̀ kọjá. Téèyàn bá dúró níwájú ọkọ̀ kò lè rí i torí kọ́ńdẹ́ńsà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ eruku ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́. Omi ló fi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, omi tí kò le púpọ̀ torí àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń tẹ̀. ₦8,000 ló gbà. Látìgbà náà mo máa ń ní kí wọ́n fọ ibẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìkejì, omi tẹ́ ẹ̀ ń bù sí i. Ilẹ̀ àpáta ni tiwa, omi bọ́ọ̀hóòlù wa ní nǹkan nínú, ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, nǹkan funfun tó dì mọ́ ibẹ̀ náà ló ń dì sínú rádíétọ̀. Kólántì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rádíétọ̀, ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n bá kọ sí lára pé kẹ́ ẹ bu omi lù, omi dístíìlì ni kẹ́ ẹ bù lù ú, ìdajì sí ìdajì. Èyí tí wọ́n ti pò tán, ẹ má bu omi kankan sí i mọ́.

Àbúrò_Yàgbà

Ẹ tà á jàre. Ọkọ̀ tó ń gbóná tó tún ń jẹ ọ́ìlì kò ní dẹ́kun gbígba owó. Ẹ tà á báyìí tó ṣì ń rìn kẹ́ ẹ fi owó ra Yaris.

Tíṣà_Ìsánlú

Àbúrò, ẹni tí wọ́n máa tà á fún ńkọ́? Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò kó ìyàwó àti ọmọ sínú ẹ̀ gun òkè kan náà. Tí wọ́n bá máa tà á, kí wọ́n sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀_Ládípọ̀

Ọ̀kun o ẹ̀yin ará ilé. Pátì ni mò ń tà ní Ládípọ̀ níbí ní Mushin, ọjà Toyota ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Jẹ́ kí n sọ iye tí nǹkan ń lọ lọ́dọ̀ tiwa, tẹ́ ẹ bá rà á nílé á fi díẹ̀ lé e torí owó ọkọ̀ ẹrù, ó sì ń yí bí dọ́là bá ṣe yí. Tẹ́mọ́sítáàtì gidi, nǹkan bí ₦15,000, ti Ṣáínà á tó ₦5,000, ti Ṣáínà yẹn ni kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná dán wò bí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe wí. Ìdérí rádíétọ̀, ₦5,000. Rádíétọ̀ tòkunbọ̀, èyí tí a ń pè ní Belgium, ₦45,000 sí ₦60,000. Tuntun láti Ṣáínà lè dín sí ìyẹn àmọ́ ike orí rẹ̀ tètè máa ń là. Wọ́tà pọ́ǹpù, ₦25,000. Ẹ má gbàgbé ìdérí yẹn o, kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Ìdérí ló ń há omi mọ́ kó má bàa hó ní 100, wọ́n máa ń kọ 0.9 tàbí 1.1 sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó fi ń há a mọ́, tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti ya, omi á máa sá lọ sínú ike, á sì hó kó tó yẹ kó hó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mò ń tà á, ₦600,000 lọ sókè ni, mo sì ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má tíì rà á. Ìdí ni pé jíjẹ ọ́ìlì yẹn, àìsàn 1ZZ àtijọ́ ni. Àwọn ihò kéékèèké wà lára písítìn tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀, tí ọ́ìlì bá pẹ́ jù kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, èérí dúdú á dí ihò náà, ríǹgì ọ́ìlì á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kò ní lè fá ọ́ìlì mọ́. Toyota fúnra wọn tún písítìn náà ṣe nígbà tó yá. Tẹ́ ẹ bá wá ra òmíràn tó jẹ́ Belgium, ta ló mọ bí ẹni tó lò ó lọ́hùn-ún ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì? Ẹ lè ra èyí tó ń jẹ ọ́ìlì ju tiyín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ńṣe ló tiẹ̀ ń jò. Ibi méjì ni mo mọ̀ tí ẹ́ńjìnnì yìí máa ń gbà jò: gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí orí rẹ̀, àti rọ́bà róbótó tó wà ní ẹ̀yìn tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà yẹn kò ju owó oúnjẹ lọ. Ẹ tún yọ PCV, fáàfù kékeré tí ẹ̀fúùfù inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, ẹ jù ú mì létí, tí kò bá dún ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá jò níbì kankan, ẹ máa fi gage yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ra epo, kẹ́ ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ fi kún un sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀ lè rìn fún ọdún púpọ̀, èyí tí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ ló ń kú.

Gọ́ọ̀fù3_Mópà

Lórí ọ́ìlì, ẹ lo èyí tó ki, 20W-50. Kò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀_Ládípọ̀

Ẹ̀gbọ́n, á dín in kù fúngbà díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ihò yẹn ò ní torí ẹ̀ là. 5W-30 ni wọ́n kọ fún un, lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mi ni, tó bá ti ń jẹ ẹ́ gan-an, 10W-40 ni máa lò, mi ò sì ní jẹ́ kó kọjá 5,000 kìlómítà kí n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Kàbà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, a jọ ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà láàárọ̀. Omi kò hó, ọ́ìlì mọ́, kò funfun, sálẹ́ńsà kò tú èéfín funfun. Nígbà tí ọkọ̀ wá gbóná tán, òkè rádíétọ̀ gbóná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá kan tutù, ó ní ibẹ̀ ti dí nínú. Omi tó dà jáde nínú ẹ̀ pupa bí ìpẹtà, iyanrìn wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Láàárín òun àti kọ́ńdẹ́ńsà, bí Tíṣà ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Rọ́bà inú ìdérí náà ti ya.

Síkáànù gbé P0128 jáde. Mo ti ra rádíétọ̀ Belgium ní Lọ́kọ́jà ₦58,000, ìdérí ₦6,000, tẹ́mọ́sítáàtì ₦17,000. Owó iṣẹ́ ₦15,000. Kólántì ló kù. Ṣé kò sí ohun tí mo gbójú fò kó tó dè é? Fáànù náà, ẹni àkọ́kọ́ yẹn ti fà á ní dárẹ́ẹ̀tì láìsọ fún mi.

Mẹkáníìkì_Ìyàrà

Inú mi dùn o. Kó rọra dè é. Lára tẹ́mọ́sítáàtì yẹn irin kékeré kan wà tó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, apá òkè ló gbọ́dọ̀ wà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tó bá dorí kodò afẹ́fẹ́ á há sínú, ọkọ̀ á tún gbóná, wọ́n á tún ní gáskẹ́ẹ̀tì ni. Gbogbo omi rẹ̀ tó nǹkan bí lítà 6.5, tí ohun tẹ́ ẹ bù sí i bá kéré jù sí ìyẹn, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bù ú díẹ̀ díẹ̀, ẹ tan hítà inú ọkọ̀ sí gbígbóná pátápátá, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí títí fáànù á fi yí tí yóò sì dúró fúnra rẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé kí rewáyà dá fáànù padà sí bó ṣe wà. Tó bá ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mọ́tò rẹ̀ á tètè jó, ọtanétọ̀ náà ń ru ẹrù tí kò yẹ, ẹ ò sì ní mọ̀gbà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ìgbà tó yẹ kó yí bá kú.

Dírẹ́bà_Félélè

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ti rádíétọ̀, mo gbà. Ti dárẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àwa tá à ń gbé èrò mi ò tíì lè fi í sílẹ̀, torí tí sẹ́ńsọ̀ bá kú fún mi láàárín àwọn tírélà yẹn pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, ta ni màá pè? Bóyá kí rewáyà fi súwíìṣì sí i, kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí n tó lè tan án fúnra mi tí ọ̀ràn bá dé.

Mẹkáníìkì_Ìyàrà

Súwíìṣì dára, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó gba inú rìléè, ìyẹn súwíìṣì tó lè gbé iná ńlá, kọjá, kó sì ní fíúsì tirẹ̀, kí wáyà má bàa gbiná.

Ìyá_Ayétòrò_Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Yaris ni, bí mo bá bọ́ sínú kòtò ó ń dún kó-kó-kó níwájú lápá ọ̀tún. Wọ́n ní shọ́kù méjèèjì ni, ₦90,000. Kò jò o, mo ti tẹ̀ ba wò ó.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀_Ládípọ̀

Ìyá, tí shọ́kù ò bá jò, tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó gbéra lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ẹ má tíì rà á. Irú dídún yẹn nínú kòtò kéékèèké, línkéèjì ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ọ̀pá kúkurú tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ shọ́kù. Méjèèjì ò ju ₦16,000 lọ lọ́dọ̀ mi. Kí wọ́n gbé jáàkì sí i, kí wọ́n fọwọ́ mi línkéèjì náà, kí wọ́n sì fi irin gbé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì láti ìsàlẹ̀ wò ó bóyá ó ń mì. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló ń mì, ẹ má gbé e jáde mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀, torí taya lè ṣí dànù lórí eré.